Kalifa Zerbo àti Bátìrì Kẹrin

Ọdún mọ́kànlélógún ni Kalifa Zerbo fi jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò kan nínú ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní ìlú Wahigúyà, tó ń tún iná alùpùpù ṣe. Rìwáyà ni. Kì í tú ẹ́ńjìnnì, kì í lẹ táyà, kì í ta ọ́ìlì. Bí iná alùpùpù kò bá tàn mọ́, tí fèrè rẹ̀ pa kẹ́kẹ́, tí bátìrì kú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Titáò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gbé e wá. Wọn kì í sábà gbé e wá. Ọ̀dọ̀ Tasere ni wọ́n ń gbé e lọ.

Ṣọ́ọ̀bù Tasere ló tóbi jù nínú ọgbà náà. Ó kọjú sí igi Kalifa tààrà, kò tó ogún ìṣísẹ̀ láàárín wọn. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ ni Tasere, ohùn rẹ̀ a máa borí ẹ́ńjìnnì, ó mọ orúkọ gbogbo oníbàárà, ó tún mọ orúkọ ọmọ wọn. Ẹ̀yà Mọ́sí ni. Kalifa ní tirẹ̀, Sámò ni, láti abúlé kan nítòsí Tugan.

Ẹni tó bá ti gbé àárín wọn pẹ́ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Mọ́sí àti Sámò, ẹrú ara wọn ni wọ́n, láti ìgbà tí àgbàlagbà kankan kò rántí mọ́. Mọ́sí ní òun ló ni Sámò, Sámò ní òun ló ni Mọ́sí, ẹjọ́ náà kò sì ní parí láyé. Rakíirè ni wọ́n ń pe eré yìí. Wọ́n lè bú bàbá ara wọn lójú ọjà, wọ́n lè bá ara wọn jà lórí orí ajá tí Sámò fẹ́ràn láti jẹ, wọ́n lè mú ẹran lórí àtẹ ara wọn kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ, ẹni tí wọ́n ṣe é sí gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Bó bá bínú, òun ló jẹ̀bi, kò sí àgbà tó máa gbọ́ tirẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ gidi bá wá délẹ̀, ikú tàbí àìsàn tàbí ewu, wọn kì í fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún ara wọn, nítorí kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Ẹni kẹta tí kì í ṣe Mọ́sí, tí kì í sì í ṣe Sámò, ni wọ́n ń rán. Ohun tí ẹni kẹta bá mú wá, kò sí eré nínú rẹ̀. Nínú ọgbà yẹn, Kumbo ni wọ́n sábà ń rán, obìnrin Fúlàní kan tó ń ta wàrà àti fúrá lábẹ́ igi kan náà pẹ̀lú Kalifa. Lọ́jọ́ tí ilé ìyá Tasere wó nígbà òjò, Kalifa ló kọ́kọ́ gbọ́. Kumbo ló rán, Tasere sì ju sípánà sílẹ̀, ó sáré.

Nígbà tí Kalifa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Bobo dé, níbi tó ti kọ́ṣẹ́, òun gan-an ni eré náà dùn mọ́ nínú jù. Ó mọ èébú bú. Lọ́jọ́ kan, ó dìde tòun ti ọwọ́ ọ́ìlì, ó gbé abọ́ òkèlè ọkà bàbà tí ìyàwó Tasere gbé wá, ó pe àwọn oníbàárà Tasere jọ, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ó wá gbé abọ́ òfìfo padà.

"Ẹrú mi," ó ní, "sọ fún ìyàwó wa pé ọbẹ̀ náà kò níyọ̀ tó."

Tasere rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọgbà náà sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọdún kan.

Kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ọjọ́ tí eré náà yí padà. Bóyá ó jẹ́ nígbà tí Tasere bẹ̀rẹ̀ sí í ta bátìrì. Ohun tí Kalifa ní tí Tasere kò ní ni mítà kan tó fi ń wọn iná, tí ọ̀gá rẹ̀ ní Bobo fún un kó tó kú. Ojú mítà náà ti sán, wáyà pupa rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀mẹta, Kalifa sì ti so ó padà lẹ́ẹ̀mẹta. Tasere kì í lo mítà. Bó ṣe ń mọ̀ bóyá iná wà ni pé á yọ wáyà kúrò lórí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, á fi orí rẹ̀ gbá irin bátìrì náà: pàá! Bí ó bá ṣáná dáadáa, á ní iná wà. Bí kò bá ṣáná, á ní bátìrì ti kú, á ta tuntun. Ìṣáná yẹn wu àwọn ènìyàn. Ojú wọn rí i. Ta ló fẹ́ jókòó tì nọ́ńbà lójú mítà Kalifa?

Tasere ló kọ́kọ́ sọ ọ́ pé mítà náà ń mu ẹ̀jẹ̀ bátìrì. "Ẹ má jẹ́ kí ẹrú mi fi nǹkan yẹn kan màṣíìnì yín o. Sámò ni, bí kò bá rí ajá jẹ, iná ló ń jẹ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Kalifa náà rẹ́rìn-ín. Kí oṣù méjì tó pé, àwọn kan ti ń fi ọwọ́ bo bátìrì wọn bó bá ti mú mítà jáde.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ páànù. Kalifa fi ẹ̀ẹ̀rùn méjì tọ́jú owó, ó ra páànù mẹ́ta, ó kàn án mọ́ òpó kí òjò má baà máa pa irinṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Tasere wá pẹ̀lú òòlù, ó tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọrin, ó ní ẹrú kì í sùn lábẹ́ páànù nígbà tí bátìrì olówó rẹ̀ wà nínú òòrùn. Ọgbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Òjò ọdún yẹn ba kọ́ìlì mẹ́rìnlá, irin tó ń pèsè iná alùpùpù, jẹ́ mọ́ Kalifa lọ́wọ́.

Nígbà tí ìyàwó Kalifa kú, Tasere wá síbi òkú, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Àṣà ni pé kí onírakíirè wá síbi ọ̀fọ̀ kó ṣe wéréwéré, kí ẹkún lè fúyẹ́. Tasere mú okùn wá, ó so ó mọ́ Kalifa lọ́rùn, ó ní òun wá mú ẹrú òun lọ sí ọjà nígbà tí kò ti sí obìnrin tó máa bọ́ ọ mọ́. Ó fà á yí àgbàlá po. Àwọn obìnrin tó ń sunkún bú sẹ́rìn-ín. Ó fà á yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fà á gírígírí tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún Kalifa fi kanlẹ̀, Tasere sì tẹ̀ sí etí rẹ̀, ó sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Ebi ló pa á, Kalifa." Ó pè é ní orúkọ rẹ̀. Kò pè é ní ẹrú. Lẹ́yìn náà ló pariwo ẹ̀rín.

Kalifa rẹ́rìn-ín. Kí ni ì bá tún ṣe?

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú oṣù kẹrin, nígbà tí ooru ń mú kí irin máa jó ènìyàn lọ́wọ́, Nopoko wá sábẹ́ igi. Agbẹ̀bí ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré abúlé kan tó jìn tó ogún kìlómítà. Ó ń ti alùpùpù rẹ̀ bọ̀, òógùn bò ó.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́."

"Mádàámù, ẹ kú ìrìn. Ẹ tì í láti ibo?"

"Láti ẹnu odi. Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Bátìrì kẹrin rèé láti ọdún Iléyá, Bàbá. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì kò fún un ní iná. Wọ́n yí kọ́ìlì, kò dáa. Wọ́n ta bátìrì fún mi, ó kú. Wọ́n ta òmíràn, ó kú."

Kò sọ ẹni tó ta á. Kalifa kò sì béèrè. Ó na ọwọ́, ó gbé àga alùpùpù náà sókè, ó wo bátìrì náà kó tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Ìyẹ̀fun funfun ti bo irin rẹ̀. Ó tẹ imú mọ́ ọn: òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́.

"Gílóòbù iwájú ńkọ́?"

"Mo ti yí i lẹ́ẹ̀mejì."

"Kó tó kú, ṣé ó ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀ ni, àbí ó mọ́lẹ̀?"

Nopoko ronú. "Ó mọ́lẹ̀. Ó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán gangan, ó wá kú lẹ́ẹ̀kan náà."

Kalifa mi orí. Ó ṣí ìdérí ihò bátìrì náà, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó: omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ó bu omi bátìrì sí i títí ó fi bo irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀, ó dé e padà. Ó fi wáyà mítà kàn án. Mítà náà ka méjìlá ó dín díẹ̀. Ó fi bátìrì tirẹ̀ ràn án lọ́wọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ó yọ tirẹ̀, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa mí jẹ́jẹ́. Mẹ́tàlá àti ààbọ̀. Ìyẹn dára. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á sọ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Kalifa wá yí ọwọ́ alùpùpù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń lọ lójú títì. Mẹ́rìnlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́tàdínlógún. Nọ́ńbà kò dúró. Nígbà tó di méjìdínlógún, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Mádàámù, wọ́n tàn yín. Iná ń wọ bátìrì yìí."

"Ó ń wọ̀ ọ́?"

"Ó ń wọ̀ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò yẹ kó kọjá mẹ́rìnlá àti ààbọ̀, ẹ wò ó bó ṣe ń gun òkè. Ó ń se bátìrì bí omi ṣe ń hó lórí ààrò. Omi rẹ̀ ń gbẹ, ó ń kú, àwọn tó rí òkú rẹ̀ ń sọ pé ebi ló pa á. Àjẹjù ló pa á. Ẹ sì ń ra òmíràn wá fún un kó sè."

Àpótí irin kékeré kan wà lábẹ́ àga, tó ní ìlà-ìlà bí egungun ìhà. Òun ló ń gba iná lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, tó ń dá èyí tó pọ̀ jù dúró, tó ń fún bátìrì ní ìwọ̀nba. Rẹ́gúlétọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Kalifa kò tíì dá a lẹ́bi. Ó tú ìdè rẹ̀, ó rí ìpẹtà lábẹ́ rẹ̀, ó fi bébà oníyanrìn ha á títí irin fi dán, nítorí ìpẹtà nìkan lè mú kí rẹ́gúlétọ̀ tó yè ṣìwà hù. Ó dè é padà, ó tún un wọ̀n. Méjìdínlógún. Ó yọ wáyà aláwọ̀ ìyeyè mẹ́ta tó ti kọ́ìlì wá, ó wọ̀n wọ́n ní méjì-méjì: iye kan náà ni wọ́n gbé jáde, ọ̀kankan wọn kò sì kan ara irin alùpùpù. Kọ́ìlì yè. Wọ́n yí i lásán.

"Rẹ́gúlétọ̀ ni," ló wí. "Mo ní ọ̀kan nílé tí mo ti dán wò. Ẹ jókòó, ẹ mu fúrá lọ́dọ̀ Kumbo, kí n lọ mú un wá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí màá fi dé. Bátìrì yẹn ti mu iná yó, afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ báyìí, bí ìṣáná bá kàn án, á bú."

Kò tíì dìde tí òjìji kan fi bò ó. Tasere ni. Ó ti ń wò wọ́n láti òdìkejì, ó sì ti rí alùpùpù tí òun ta bátìrì mẹ́ta fún lẹ́yìn ti àkọ́kọ́.

"Ẹrú mi, kí lo ń ṣe lábẹ́ àga agbẹ̀bí?"

"Mo ń wá ọpọlọ rẹ, ẹrú. Wọ́n ní o gbàgbé ẹ síbẹ̀ nígbà tí o yí kọ́ìlì."

Àwọn tó wà nítòsí pa àtẹ́wọ́. Ojú Tasere yí díẹ̀, kó tó rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ alùpùpù mú.

"O ṣeun. O ti nù ún fún mi, o ti bu omi sí i fún mi. Ẹrú rere ni ọ́. Jẹ́ kí n gbé màṣíìnì mi lọ."

"Ọ̀gá Tasere, ẹ jọ̀ọ́," ni Nopoko wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu. Ọmọ Mọ́sí ni òun náà, ó ti mọ eré yìí láti kékeré. Tasere ti ń tì í lọ, ó ń fi ìdí jó. Kò sí òfin tó ní kí Sámò dá a dúró.

Kalifa dúró pẹ̀lú mítà lọ́wọ́.

"Máa gbé e lọ!" ó ké. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ẹrú. Má ṣáná lórí bátìrì yẹn. Á tutọ́ sí ọ lójú. Ojú méjèèjì tí o fi ń ṣọ́ orí ajá mi, á jiná bí ẹ̀wà!"

"Á jiná?" Tasere kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Bí ó bá jiná, wá jẹ ẹ́! Ṣebí Sámò ni ọ́, kí lẹ kì í jẹ?"

Ọgbà náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan gbá ilẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Kalifa tún jókòó.

Ó ti rí i rí ní Bobo. Ọkùnrin kan tẹ̀ sórí bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù, ìṣáná kan bọ́, wọ́n sì ń fi aṣọ nu ojú rẹ̀ bí ẹni pé omi lásán ni. Ó mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ lódìkejì bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Kumbo jókòó ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i, igbá wàrà wà níwájú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó gbójú sókè. Ó ń wò ó, ó ń dúró. Gbólóhùn kan péré ló kù: lọ sọ fún un. Kumbo ì bá ti dìde, ì bá ti dé ọ̀hún kí ènìyàn tó ka mẹ́wàá. Tasere á rí i tó ń bọ̀, á sì mọ̀ pé eré ti parí.

Kalifa la ẹnu.

"Kumbo," ó ní, "bu fúrá fún mi."

Obìnrin náà wo ọ̀dọ̀ Tasere, ó tún wo Kalifa. Lẹ́yìn náà ó bù ú fún un. Kalifa gbà á, ó sì ń mu ún, fúrá náà tutù, ó dùn. Lódìkejì, wọ́n ti fi bátìrì mìíràn tan ẹ́ńjìnnì alùpùpù náà. Tasere ń yí ọwọ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké, ó ń sọ fún Nopoko pé bátìrì náà ń fẹ́ kí wọ́n jí i ni. Kalifa ń fi etí wọ̀n ọ́n. Pẹ̀lú ohùn tí ẹ́ńjìnnì ń ké yẹn, yóò ti lé ní mẹ́tàdínlógún. Ní báyìí, méjìdínlógún. Ariwo náà kò dín kù. Iṣẹ́jú mẹ́ta kọjá, iṣẹ́jú mẹ́rin. Atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́, ó gbé òórùn ẹyin bíbàjẹ́ wá sábẹ́ igi.

"Ẹ sún sẹ́yìn, Mádàámù," ni Tasere ń wí lọ́hùn-ún, ohùn rẹ̀ kún fún ayọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n fi iná hàn yín. Ẹrú mi ní kò yẹ kí n fi hàn yín!"

Ó tẹ̀ síwájú. Ó yọ wáyà, ó fi gbá irin.

Ìró náà dà bí ìgbà tí táyà ọkọ̀ akẹ́rù bú. Ẹ́ńjìnnì kú. Tasere bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ohùn náà tínrín, kò jọ ohùn rẹ̀ rárá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó ń yí ká ojú kan bí ẹran tí wọ́n so. Nopoko ti jìnnà tó tí ásíìdì inú bátìrì náà fi ba aṣọ rẹ̀ nìkan jẹ́.

Kalifa ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìròyìn. Ó ti dìde kí ìró náà tó tán, bí ẹni tó ti ń tẹ̀ dìde tẹ́lẹ̀. Ó gbé garawa omi tí Kumbo fi ń fọ igbá, ó gbé Tasere ṣubú, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà, ó fi ìka ya ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń da omi sí i. Ọkùnrin kan mú òrí wá láti fi pa á. Kalifa gbá a lọ́wọ́ dànù.

"Omi! Ẹ má fi nǹkan kan sí i! Ẹ bá mi wá omi!"

"Ẹrú," ni Tasere ń wí lábẹ́ rẹ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, "ẹrú, mi ò ríran. Ta ni yìí? Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni. La ojú ẹ."

"Ó ń jó mi."

"La ojú ẹ, mo ní!"

Garawa mẹ́fà ni wọ́n dà sí i kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, Nopoko jókòó tì í lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ń da omi lọ. Dókítà ní omi yẹn ló jẹ́ kó ku nǹkan kan. Ojú ọ̀tún ti lọ. Ojú òsì lè mọ òjìji yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó lè mọ̀ pé ènìyàn dúró, kò lè mọ ẹni tó jẹ́. Kò tún ní ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́.

Láti orí ibùsùn rẹ̀ ni Tasere ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i. "Ẹrú mi sọ fún mi! Ó sọ ọ́ lójú gbogbo ayé, ó ní ojú mi á jiná. Èmi ni mo kàn ń rẹ́rìn-ín. Mítà yẹn, ẹ gbọ́, mítà yẹn rí ohun tí ojú kò rí." Ẹnu rẹ̀ tó ba Kalifa jẹ́ fún ọdún púpọ̀ tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn oníbàárà ń wá. Wọ́n ń ti alùpùpù tí nǹkan kan kò ṣe wá, wọ́n ń ní kó kàn fi mítà kàn án, kí ọkàn àwọn balẹ̀. Kalifa fi rẹ́gúlétọ̀ tó wà nílé sí alùpùpù Nopoko pẹ̀lú bátìrì tuntun, ó yí ọwọ́ rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi ké dáadáa: mẹ́rìnlá ó lé díẹ̀, nọ́ńbà náà dúró, kò mì. Nopoko dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí, ó sì pè é ní ọlọ́gbọ́n.

Lọ́jọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí bátìrì bú, nígbà tí ọjà Kumbo ti tán tó ń fọ igbá, ó bá Kalifa sọ̀rọ̀ láìwò ó.

"Bàbá Salimata." Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fi pè é.

"Mo ń gbọ́."

"Mo wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀."

"Ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Kí ló dé tí ẹ ò rán mi?"

Kalifa ń ká wáyà pupa mọ́ ìka rẹ̀. "Mo sọ fún un. Gbogbo ayé gbọ́ pé mo sọ fún un."

"Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ pé ẹrú yín ni ìyá rẹ̀."

"Mo sọ fún un, Kumbo."

"Ẹ ní kí n bu fúrá."

Obìnrin náà kó igbá rẹ̀ jọ, ó da omi nù, ó gbé e karí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ibi ẹnu ọ̀nà ọgbà ló tẹ́ àtẹ rẹ̀ sí, nínú òòrùn, kò sì padà sábẹ́ igi mọ́.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Tasere ti lè jáde. Àbúrò rẹ̀ ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù. Kadiso ìyàwó rẹ̀ a máa fà á lọ́wọ́ wá láràárọ̀, kó lè jókòó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n abẹ́ igi Kalifa ni ó máa ń ní kí ó kọ́kọ́ mú òun lọ. Ó ti rù. Ọrùn rẹ̀ ti di tẹ́ẹ́rẹ́ nínú agbádá. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kò yí padà.

"Ẹrú mi! Wọ́n ní o ti di ọlọ́rọ̀. Ta ló fún ọ láyè?"

Lọ́jọ́ kìíní, Kalifa ní, "Ẹrú, o káàárọ̀." Ó wá nǹkan tó máa tẹ̀ lé e, kò rí. Ó gbìyànjú láti sọ ti orí ajá, ọ̀rọ̀ náà kan ojú, ó gbé e mì. Ti ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ti ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀? Ìyàwó náà dúró níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Tasere dúró, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń retí èébú rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ṣéńjì.

"Ó tán?" ó ní. "Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Sámò ti kú nínú rẹ ni?"

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín nítorí pé wọ́n fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Kalifa náà ya ẹnu, ó tẹ̀ padà sórí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láràárọ̀ ni Tasere ń mú èébú tuntun wá, ó hàn pé orí ibùsùn ló ti ń rò wọ́n, àwọn kan tilẹ̀ dára ju ti àtijọ́ lọ. Láràárọ̀ ni ó ń dúró de ìdáhùn. Ìwọ̀nba tí Kalifa ń sọ ń dín kù. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìró bàtà wọn láti ẹnu ọ̀nà, ti obìnrin tó ń tẹlẹ̀ gbọin-gbọin, ti ọkùnrin tó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, alùpùpù márùn-ún wà níwájú rẹ̀. Ó tẹ̀ sórí ọ̀kan, wáyà mítà wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, nígbà tí wọ́n dé.

"Ẹrú mi," ni Tasere wí, "mo lá àlá rẹ lánàá. O wà nínú ìkòkò mi, o ń ní kí n fi iyọ̀ sí i."

Ìyẹn dára. Ọkùnrin kan lára àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín, ó wo ojú Kalifa, ó sì dákẹ́. Kalifa kò gbé orí sókè. Kò mí.

Tasere yí ojú òsì rẹ̀ kiri lábẹ́ igi, níbi tí òjìji gbogbo ti dàpọ̀ mọ́ òjìji.

"Ẹrú?" Ó dúró. "Kadiso, ṣé kò sí níbẹ̀ ni?"

Kadiso wo Kalifa. Kalifa gbé ojú sókè, ó wo obìnrin náà, ó sì mi orí rẹ̀ díẹ̀ sí òsì àti sí ọ̀tún. Obìnrin náà wò ó pẹ́, ojú tí ènìyàn fi ń wo ohun tó ti kú sójú ọ̀nà.

"Kò sí níbẹ̀," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ah-ah. Láàárọ̀ yìí? Ibo ló lọ?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀, òkúta wà níbẹ̀ yẹn."

Kalifa dúró títí ìró bàtà wọn fi kọjá sódìkejì. Lẹ́yìn náà ó fi wáyà kan bátìrì tó wà níwájú rẹ̀, ó kà á, ó sì ní kí ẹni tó kàn ti tirẹ̀ wá.